Rírà ọkọ̀ kọ́ niṣẹ́, ìtọ́jú rẹ̀ ni: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò Yemetu mọ̀ lórí Camry àti Accord

Ní Yemetu, n'Ìbàdàn, kò sí bí oníṣòwò kan ṣe máa ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí àdúgbò kò ní í gbọ́. Títì ibẹ̀ kò fẹ̀, ilé fara ti ilé, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń gbé ọkọ̀ sí. Àwọn tó ń lọ sí ọsibítù Adéọ̀yọ́ máa rí i, àwọn tó ń bọ̀ láti Bẹẹrẹ àti Òjé náà máa rí i. Kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn ọ̀rẹ́ ti dé, wọ́n ní àwọn wá bá a fọ mọ́tò, mínírà àti ọtí sì ti ń lọ. Wọn á gbàdúrà pé ọkọ̀ náà kò ní í mu ẹ̀jẹ̀, pé yóò mú òmíràn wọlé.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í gbàdúrà fún níbi fífọ mọ́tò ni ọ́ìlì, táyà, rédíétọ̀ àti gíà. Bẹ́ẹ̀, àwọn nǹkan wọ̀nyí gan-an ló máa sọ bóyá ọkọ̀ náà máa ran òwò lọ́wọ́ tàbí ó máa jẹ owó òwò tán.

Fún oníṣòwò kéékèèké, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti kúrò ní ohun fáàrí. Aláṣọ òkè tó ń gbé ọjà láti Òjé lọ fún àwọn oníbàárà l'Ékòó, oníkẹ́míìsì tó ń lọ kó oògùn, ìyá tó ń se oúnjẹ òde ìnáwó, atẹ̀wé tó ń gbé iṣẹ́ lọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì, gbogbo wọn ló ń fi búùtù ọkọ̀ ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá dákú, ọjà dúró nìyẹn. Èyí tó tún le jù níbẹ̀ ni pé owó tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ra ọkọ̀ kì í ṣe èrè. Ó lè jẹ́ owó orí ọjà, ó lè jẹ́ owó àjọ, ó sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n yá nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Owó ọ̀hún ti jáde, kò sì sí òmíràn nílẹ̀ fún àtúnṣe.

LÁTI PEUGEOT 504 DÉ BIG DADDY

Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Nàìjíríà ti fẹ́ràn ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin tó ní búùtù, tí kò tóbi jù, tí kò sì kéré jù. Lọ́dún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, ọdún yẹn kan náà sì ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ l'Ékòó. Ìbàdàn náà kò gbẹ́yìn, torí ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Leyland ti ń to ọkọ̀ akẹ́rù àti Land Rover pọ̀. Nígbà náà, ọ̀gá iléèwé, dókítà àti oníṣòwò tí nǹkan ṣẹnuure fún ló ń gun Peugeot 504. Ọkọ̀ náà kò ní kọ̀ǹpútà kankan nínú. Mẹkáníìkì tó bá mọ sípánà dì mú lè tú u palẹ̀ lábẹ́ igi, kó sì tún un tò kílẹ̀ tó ṣú.

Camry tí ilé-iṣẹ́ Toyota ń ṣe àti Accord tí Honda ń ṣe ló wá gba ipò náà lọ́wọ́ Peugeot, tòkunbọ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn èèyàn wa kò tilẹ̀ fi orúkọ tí òyìnbó sọ wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Camry tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2002 sí 2006 ni wọ́n ń pè ní Big Daddy, ti 2007 sí 2011 ni Muscle, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012 sì ni Spider. Ní ti Accord, ti 1998 sí 2002 ni Baby Boy, èyí tó jáde ní 2003 ni End of Discussion, ti 2008 ló wá di Evil Spirit.

Lóòótọ́, Honda bẹ̀rẹ̀ sí í to Accord pọ̀ ní Ọ̀tà, nípìńlẹ̀ Ògùn, lọ́dún 2015, àmọ́ apá ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò ká ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gùn rí. Ìlànà lórí ọkọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde lọ́dún 2013 sọ owó orí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tó ń wọlé láti òkè òkun di ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n rà á. Ní January 2017, ìjọba tún fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, ó di dandan kó gba ojú omi. Nígbà tó wá di June 2023, wọ́n tú owó náírà sílẹ̀ kó máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, dọ́là tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bíi ₦470 ní báńkì sì ti kọjá ₦1,500 ní February 2024. Gbogbo rẹ̀ ló jọ sọ pé "ọkọ̀ tuntun" ní Yemetu lè jẹ́ ọkọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Tuntun ló jẹ́ lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, kì í ṣe lójú ẹ́ńjìnnì.

MỌ ỌJỌ́ ORÍ RẸ̀ KÓ O TÓ MỌ BÓ O ṢE MÁA TỌ́JÚ Ẹ̀

Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ mọ́tò tán ni láti mọ ọdún tí wọ́n ṣe é gan-an. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí èèyàn lè kà láti ìta nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, lọ́wọ́ ibi tí dírẹ́bà máa ń jókòó sí. Lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà. Bó bá jẹ́ J, Japan ni. Ẹ̀kẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún lára àwọn ọkọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà: 7 dúró fún 2007, A fún 2010, F fún 2015, J fún 2018. Ẹni tó ta ọkọ̀ lè purọ́, ìwé lè purọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yìí ṣòro láti yí.

Nọ́ńbà náà ní iṣẹ́ mìíràn tó ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ. Àjọ tó ń bójú tó ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, NHTSA, ní ojú òpó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn lè kọ ọ́ sí lọ́fẹ̀ẹ́, tí yóò sì sọ bóyá ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ti ní kí wọ́n dá a padà wá fún àtúnṣe kan rí. Èyí tó lókìkí jù ni ti báàgì atẹ́gùn tí ilé-iṣẹ́ Takata ṣe, èyí tó yẹ kó tú jáde láti gba èèyàn sílẹ̀ bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ ẹ jáde lè bú gbàmù, kó máa da irin wẹ́wẹ́ sí dírẹ́bà lára. Ní Amẹ́ríkà nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 irú rẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀, Honda àti Toyota sì wà lára àwọn ọkọ̀ tọ́rọ̀ kàn. Ooru àti ọ̀rinrin ló sì máa ń tètè bà á jẹ́, èyí tó túmọ̀ sí pé ilẹ̀ tiwa yìí kò dára fún un rárá.

Ẹni tó bá ra ọkọ̀ tuntun gidi lọ́dọ̀ aṣojú ilé-iṣẹ́ ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ ka ìwé wáràńtì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó wọ́pọ̀ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní kí wọ́n máa tún ọkọ̀ náà ṣe lásìkò, kí ẹ̀rí rẹ̀ sì wà, kí wọ́n má sì lọ já wáyà inú rẹ̀ níta. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018, fún ẹni tí wọ́n ta ọjà tó lábùkù fún láǹfààní láti fẹjọ́ sun àjọ FCCPC, ṣùgbọ́n ẹni tó ní rìsíìtì lọ́wọ́ ni ẹjọ́ rẹ̀ máa ń rọrùn.

Ọ́ÌLÌ KÌ Í ṢE OHUN TÉÈYÀN Ń FI ỌJỌ́ SÙN

Nínú gbogbo ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró, èyí tó rọrùn jù láti dènà ni ti ọ́ìlì. Bẹ́ẹ̀, òun ló ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ jù. Ìwé tí Toyota kọ mọ́ àwọn Camry tó ń lo ọ́ìlì 0W-20 sọ pé èèyàn lè lo ọ́ìlì kan títí dé nǹkan bíi kìlómítà 16,000 bí ọ̀nà bá dára. Ibẹ̀ ni àwọn kan máa ń kà á mọ, wọn kì í ka ìlà tó tẹ̀ lé e. Ìwé náà sọ pé bó bá jẹ́ ọ̀nà eléruku ni wọ́n ń gbà, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 8,000 tàbí lóṣù mẹ́fà. Ẹni tó ń wakọ̀ láàárín Yemetu, Bẹẹrẹ, Màpó àti Ojà'ba, tó ń jẹ eruku, tó ń dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pẹ̀lú éèsì, mọ ìlà tó kan òun nínú méjèèjì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa fi ń dá a sí kìlómítà 5,000, wọn kò sì jayò pa.

Camry Muscle ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tó ní ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 nínú wọn lókìkí pé ó máa ń mu ọ́ìlì, kì í sì í ṣe àwọn mẹkáníìkì wa ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Toyota fúnra rẹ̀ fi kún wáràńtì àwọn tó ni irú ọkọ̀ náà ní Amẹ́ríkà kí wọ́n lè bá wọn pààrọ̀ písítìnì àti ríìnì rẹ̀ bó bá ń mu ọ́ìlì jù. Ẹni tó ra tiẹ̀ ní tòkunbọ̀ síbí kò lè rí nǹkan gbà nínú ìyẹn mọ́. Ohun tó lè gbà á ni kó máa fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó ṣe é láàárọ̀ kó tó ṣáná sí ọkọ̀, kí lítà ọ́ìlì kan sì máa wà nínú búùtù. Bí iná ọ́ìlì bá fi tàn níwájú dírẹ́bà, ẹ́ńjìnnì ti ń jìyà.

Ayédèrú ọ́ìlì náà tún wà. Àwọn oníjìbìtì máa ń ṣa gálọ́ọ̀nù tó ti ṣófo jọ, wọn á rọ ọ́ìlì tí wọ́n ti lò sínú rẹ̀, wọn á sì tún un dé. Ẹni tó bá ra ojúlówó, kó lu gálọ́ọ̀nù náà jò lẹ́yìn tó bá lò ó tán, kí tiẹ̀ má bàa padà wá bá ọmọnìkejì rẹ̀.

RÉDÍÉTỌ̀ ÀTI GÍÀ: ÀṢÀ TÓ Ń NÁ WA LÓWÓ

Àṣà kan wà lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì kan, pé bí ọkọ̀ bá ti ń gbóná, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ṣe ni kí wọ́n yọ tẹ́mósítáàtì dànù. Tẹ́mósítáàtì yìí ló ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ọkọ̀ lè dẹ́kun gbígbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ nínú òtútù, á máa jẹ bẹntiróò jù, á sì máa jẹ ara rẹ̀. Ohun tó mú ọkọ̀ gbóná gan-an, ì báà jẹ́ rédíétọ̀ tó dí, fáànù tí kò yí tàbí omi tó ń jò, ṣì wà níbẹ̀. Omi ẹ̀rọ lásán tí wọ́n ń rọ sínú rédíétọ̀ náà ń mú un dípẹtà. Omi aláwọ̀ tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí kò wọ́n tó rédíétọ̀ tuntun.

Ní ti gíà, ọ́ìlì pupa kan ṣoṣo ni wọ́n ń rọ sí gbogbo ọkọ̀ láyé ìgbà kan. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Camry tó jáde láti nǹkan bí ọdún 2007 ń lo èyí tí Toyota ń pè ní WS. Accord onípísítìnì mẹ́rin tó jáde láti ọdún 2013 ní gíà tí wọ́n ń pè ní CVT, tó ń lo bẹ́líìtì onírin, HCF-2 sì ni Honda ní kí wọ́n máa rọ sí i. Ẹni tó bá rọ ọ́ìlì pupa sínú rẹ̀ nítorí kó lè dín owó kù, owó gíà odidi ló ń wá.

Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ojúhò tí wọ́n lè ki ẹ̀rọ aṣàyẹ̀wò bọ̀, tí yóò sì sọ ibi tó ń dun ọkọ̀. Ẹ̀rọ náà dára, àmọ́ ó ní ẹ̀tàn tiẹ̀. Mẹkáníìkì kan lè fi pa iná tó tàn níwájú rẹ́, kó sì gbowó, láìtún ohunkóhun ṣe. Kí oníṣòwò tó sanwó, kó béèrè nọ́ńbà àrùn tí ẹ̀rọ náà kọ jáde, kó kọ ọ́ sínú ìwé. Bí nọ́ńbà kan náà bá tún jáde lọ́sẹ̀ méjì sí i, ó ti mọ ẹni tó ń bá ṣe.

ỌJÀ GATE ÀTI ARÁRỌ̀MÍ

Ọ̀nà kò jìn láti Yemetu sí ọjà sípéà páàtì Arárọ̀mí ní Agodi Gate. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ọkọ̀ ń sá sí. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ níbẹ̀ ni ìyàtọ̀ láàárín ojúlówó tuntun, ayédèrú tuntun àti tòkunbọ̀. Nígbà mìíràn, tòkunbọ̀ tí wọ́n tú lára ọkọ̀ máa ń lálòpẹ́ ju tuntun tó wà nínú páálí tó ń dán. Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ kéèyàn ra ní tòkunbọ̀ láéláé: bíréèkì páàdì, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì àti táyà.

Táyà tí wọ́n ti lò wà lára àwọn ọjà tí àwọn aṣọ́bodè kò fàyè gbà kí wọ́n kó wọlé sí Nàìjíríà, síbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì kún fún un. Kódà táyà tuntun náà lè ti gbó nínú ṣọ́ọ̀bù. Ara rẹ̀ ni wọ́n kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sí, nínú nọ́ńbà mẹ́rin tó wà níparí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT. Bó bá jẹ́ 2318, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2018 ni wọ́n ṣe é. Oníṣòwò tó bá ń kó ẹrù lọ s'Ékòó lórí táyà tó ti gbẹ, kì í ṣe ọjà rẹ̀ nìkan ló fi ń tẹ́tẹ́.

Ohun mìíràn tó ń dín ìjà kù ni kí ẹni tó ni ọkọ̀ bá mẹkáníìkì lọ sọ́jà fúnra rẹ̀, tàbí kó béèrè èyí tí wọ́n yọ padà. Mẹkáníìkì tó bá ń ṣòótọ́ kò ní í bínú sí i.

Ọ̀ṢỌ́ TÓ Ń PA ONÍLÉ LÁRA

Kò sẹ́ni tó ra ọkọ̀ tí kò fẹ́ kó gún régé. Aṣọ ìjókòó, fútì máàtì, rédíò onígíláàsì ńlá, kámẹ́rà ẹ̀yìn, ríìmù tó ń kọ mànà, gíláàsì dúdú, gbogbo rẹ̀ ni àwọn ọmọ tó ń ta ọ̀ṣọ́ ọkọ̀ ń gbé kiri. Òmíràn nínú wọn wúlò gan-an. Kámẹ́rà ẹ̀yìn lè gbà èèyàn lọ́wọ́ gọ́tà àti ọmọdé nínú kọ̀rọ̀ tóóró bíi ti Yemetu. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó léwu.

Ẹ mú fútì máàtì tí gbogbo èèyàn kà sí nǹkan kékeré. Ní August 2009, ọkọ̀ Lexus kan sáré kọjá agbára dírẹ́bà rẹ̀ nítòsí San Diego, ní Amẹ́ríkà, gbogbo èèyàn mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ ló sì kú. Àwọn tó ṣèwádìí rí i pé máàtì ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀, tí wọn kò sì fi ìkọ́ dè é mọ́lẹ̀, òun ló di ẹsẹ̀ ìtẹ̀ná mú. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Toyota kéde pé kí àwọn tó ni nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.8 ọkọ̀ yọ máàtì wọn kúrò, Camry 2007 sí 2010 sì wà nínú wọn. Ẹni tó bá tẹ́ máàtì rọ́bà sórí èyí tó bá ọkọ̀ wá, kó yọ ọ̀kan kúrò lónìí. Máàtì kan ṣoṣo ló yẹ kó wà níbi ẹsẹ̀ dírẹ́bà, kó bá ọkọ̀ náà mu, kí ìkọ́ sì dè é.

Aṣọ ìjókòó náà ní tiẹ̀. Báàgì atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ wà nínú ìjókòó iwájú ọ̀pọ̀ Camry àti Accord. Aṣọ tó nípọn tí wọ́n rán pa mọ́ ọn kò ní í jẹ́ kó ráyè jáde lọ́jọ́ ìṣòro. Fún àwọn Camry tó ń lo bẹntiróò àti iná mànàmáná pọ̀, ihò tí bátìrì ńlá inú wọn fi ń mí wà nítòsí ìjókòó ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá fi aṣọ tàbí ẹrù dí i, bátìrì náà á máa gbóná, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń bọ̀ lọ́nà, torí láti Camry 2025 ni Toyota kò ti ta oníbẹntiróò nìkan mọ́ ní Amẹ́ríkà.

Ní ti rédíò, àláàmù àti tíráákà, ìṣòro wọn ni wáyà. Wáyà tí wọ́n já, tí wọ́n fi ọ̀rá so, lè máa fa bátìrì lóru, ó sì lè dáná sun ọkọ̀. Kí èèyàn wá rìwáyà tó mọ̀ pé gbogbo ohun tí wọ́n bá fi kún ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní fíúùsì tiẹ̀. Ríìmù ńlá náà, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń bá a wá, ihò kan ṣoṣo lójú ọ̀nà sì tó láti fọ́ méjèèjì, kí ṣọ́ọ̀kì náà sì tẹ̀ lé wọn.

Gíláàsì dúdú lọ́wọ́ òfin nínú. Láti ọdún 1991 ni òfin ti wà pé ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, pẹ̀lú ìdí tó jẹ mọ́ ìlera tàbí ààbò. Lọ́dún 2025, ọlọ́pàá gbé gbígba ìwé àṣẹ náà lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sún ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í mú èèyàn síwájú lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé-ẹjọ́. Oníṣòwò tí ọjà ń dúró dè kò nílò ohun tí yóò máa dá a dúró ní gbogbo ibi tí ọlọ́pàá bá wà.

Ọ̀ṣọ́ kan wà tí kò ní ẹwà rárá, tó sì wúlò: irin tí wọ́n fi ń ká brain box mọ́, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Àwọn olè máa ń jí i yọ lára ọkọ̀ Toyota tó sùn síta, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní Yemetu sì ni kò ní gáréèjì. Wẹ́ldà àdúgbò lè ṣe é.

BẸNTIRÓÒ ÀTI ÌNṢỌ́RÁNSÌ

Láti ọjọ́ 29, oṣù May, 2023, tí Ààrẹ Bọlá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí bẹntiróò ti lọ, ìṣirò ọkọ̀ ti yí padà. Lítà tó wà ní nǹkan bíi ₦190 di nǹkan bíi ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tó sì di October 2024, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Púlọ́ọ̀gì tó ti jó, àwọ̀ atẹ́gùn tí eruku dí àti táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò kún, tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí tẹ́lẹ̀, ti di owó gidi báyìí. Kéèyàn sì máa tọ́jú rìsíìtì bẹntiróò náà. Àwọn tí bẹntiróò tó ní mẹ́tánọ́ọ̀lù nínú ba ọkọ̀ wọn jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 mọ̀ bó ti ṣòro tó láti fi hàn pé ibi báyìí ni àwọn ti rà á.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ₦15,000 ni ìnṣọ́ránsì tó pọn dandan fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àdáni, dípò ₦5,000 tẹ́lẹ̀, ó sì lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lórí dúkìá ẹni tí ọkọ̀ náà bá kọlù. Ẹ má ṣe ṣìnà o, kò ní í san kọ́bọ̀ lórí ọkọ̀ ẹni tó ni ín. Èyí tó ń san tọ̀tún tòsì ni àjọ NAICOM ní kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀ náà. Bí ọkọ̀ bá tó mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà, ₦500,000 lọ́dún nìyẹn. Ó pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé gbogbo owó òwò rẹ̀ ló wà nínú ọkọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí yóò jẹ bí olè bá gbé e lọ.

ÌṢIRÒ TÓ YẸ KÍ GBOGBO ONÍṢÒWÒ ṢE

Ká ní ìyá aláṣọ òkè kan ń rin kìlómítà 1,000 lóṣù, ọkọ̀ rẹ̀ ń jẹ lítà mẹ́wàá ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà, lítà kan sì jẹ́ ₦1,000. Bẹntiróò jẹ́ ₦100 ní kìlómítà kan. Bí táyà mẹ́rin bá jẹ́ ₦320,000, tí wọ́n sì rin kìlómítà 40,000, ₦8 nìyẹn. Bí pípààrọ̀ ọ́ìlì bá jẹ́ ₦60,000 ní kìlómítà 5,000, ₦12 nìyẹn. Ìnṣọ́ránsì ₦500,000 lórí kìlómítà 12,000 lọ́dún jẹ́ nǹkan bíi ₦42. Kó tún fi ₦20 pamọ́ fún àtúnṣe tí kò retí. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦182 ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan.

Ká wá sọ pé ó lọ s'Ékòó, ó bọ̀, ó rin kìlómítà 260, ó sì jèrè ₦40,000 lórí ọjà. Bó bá jẹ́ bẹntiróò nìkan ló kà, ₦26,000 ló máa yọ, á gbà pé òun jèrè ₦14,000. Bó bá ka gbogbo rẹ̀, ₦47,320 ni ìrìn náà ná an. Ó pàdánù ₦7,320, kò sì mọ̀. Lọ́jọ́ tí táyà bá bẹ́ tàbí gíà bá kú, á ní ayé ló ń ṣe òun. Ayé kọ́ o, ìṣirò ni.

Iye tiyín lè yàtọ̀ sí èyí, ọ̀nà ìṣirò ni kó má yàtọ̀. Ìwé kékeré kan nínú àpótí iwájú ọkọ̀ tó fún un: ọjọ́, kìlómítà, ohun tí wọ́n ṣe, iye tí wọ́n san, ẹni tó ṣe é. Kí owó ọkọ̀ ní àpò tiẹ̀ lọ́tọ̀, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ alájọ tàbí ní báńkì, kó má sì bá owó ọjà pọ̀. Àti kí wọ́n fi iye tí ìrìn ná wọn kún owó ọjà kí wọ́n tó dá iye lé e. Oníbàárà tó ń ta ko àfikún ₦500 lórí aṣọ kan lónìí kò ní í sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mẹkáníìkì bá ní kí wọ́n lọ mú owó gíà wá.

 Ọ̀nà ẹni tó ra ọkọ̀ náà pín sí méjì: ọ̀kan ni ti ẹni tó ń fi ọkọ̀ wá owó, èkejì ni ti ẹni tó ń fi owó wá ọkọ̀ lójoojúmọ́. Ohun tó sì ń pín wọn níyà kò ju ọ̀pá ọ́ìlì tí wọ́n fà yọ láàárọ̀ Sátidé àti ìwé kékeré tí wọ́n kọ nǹkan sí.